Bóòtù fláìwíìlì Hilux mi kọ̀, kò tú: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Onípíkọ́ọ̀pù Ìtòkú
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí, àtàná ni mo ti wà lábẹ́ ọkọ̀. Hilux àtijọ́ ni, ẹ́ńjìnnì 22R, òun ni mo fi ń kó gààrí àti ìrẹsì Ọ̀fàdà láti oko wá sí Láfẹ́nwá. Kílọ́ọ̀ṣì ẹ̀ ti jó tán, tí mo bá ti gbé ẹrù tí mo ń gun òkè wá sílé ẹ́ńjìnnì á kàn máa hó lásán, ọkọ̀ ò ní lọ, òórùn jíjó á gba gbogbo inú ọkọ̀. Mo ra kílọ́ọ̀ṣì tuntun, èmi àti àbúrò mi sọ gíábọ́ọ̀sì kalẹ̀ nínú àgbàlá, pressure plate (irin tó ń tẹ dísìkì kílọ́ọ̀ṣì mọ́ fláìwíìlì) àti dísìkì jáde láìsí wàhálà. Ìdí fláìwíìlì, irin róbótó tó wúwo tí dísìkì ń fara tì lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Bóòtù mẹ́fà ló dè é mọ́ kiráńkì, ọ̀pá tí ẹ́ńjìnnì ń yí. Méjì tú. Ẹ̀kẹta, orí ẹ̀ ti ń yọ̀, sókẹ́ẹ̀tì ti fẹ́ máa yí lórí ẹ̀ lásán. Mẹ́ta tó kù ò mì rárá. Mo fọ́n WD-40 sí wọn lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi í sùn mọ́jú, kò gbọ́. Tí mo bá fagídí fà á, fláìwíìlì fúnra ẹ̀ ló ń yí tẹ̀lé mi, a fi sukudiráfà há eyín ẹ̀, sukudiráfà tẹ̀. Mo gbọ́dọ̀ tú u o, torí ojú fláìwíìlì ti jó, ó ní àmì dúdú àti ojú ìlà wẹ́wẹ́, ọ́ìlì sì ń jò díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí ni mò ń jẹun, mi ò fẹ́ fi ọwọ́ ara mi bà á jẹ́. Kí ni kí n ṣe?

Ọmọ Àsẹ̀rò
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́. Páìpù gígùn ni kẹ́ ẹ wá, ẹ ki ọwọ́ pawà bá (irin gígùn tó ń yí sókẹ́ẹ̀tì) bọ inú ẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ dì í mú kẹ́ ẹ fà á. Bí àwọn onítíréélà ṣe ń tú nọ́ọ̀tù táyà nìyẹn, á tú.

Mẹkáníìkì Pansẹ́kẹ́
Àbúrò Àsẹ̀rò, rọra. Nọ́ọ̀tù táyà ò jọ èyí. Ìwọ onípíkọ́ọ̀pù, jọ̀ọ́ gbé pawà bá sílẹ̀ ná, má fọwọ́ kan bóòtù tórí ẹ̀ ti ń yọ̀ yẹn mọ́ títí wàá fi ka ohun tí mo fẹ́ kọ yìí tán, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ibi tó o wà yìí gan-an ni wọ́n ti máa ń sọ iṣẹ́ ọjọ́ kan di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan.

Àkọ́kọ́, ìpẹtà kọ́ ló di bóòtù yẹn mú. Inú ilé gíábọ́ọ̀sì ló wà, òjò kì í débẹ̀. Gọ́ọ̀mù ni. Wọ́n máa ń fi gọ́ọ̀mù sí ẹsẹ̀ bóòtù fláìwíìlì kó má baà fúnra ẹ̀ tú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń gbọ̀n, tó bá ti gbẹ tán a dà bí òkúta. Ìdí nìyẹn tí WD-40 ò fi ṣe nǹkan kan, kò rí ojú ọ̀nà wọlé. Ohun tó kàn ṣe ni pé ó dà sí ojú fláìwíìlì àti inú orí bóòtù, ó sì mú kí sókẹ́ẹ̀tì túbọ̀ máa yọ̀. Nu gbogbo ẹ̀ kúrò, nu ún dáadáa.

Èkejì, wo orí bóòtù yẹn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Igun mélòó ló ní? Tó bá jẹ́ igun mẹ́fà, sókẹ́ẹ̀tì igun mẹ́fà ni kó o wá, má lo onígun méjìlá sí i, torí etí igun nìkan nìyẹn ń gbá mú, ó sì máa ń bó o. Tí bóòtù fúnra ẹ̀ bá jẹ́ igun méjìlá, nígbà yẹn sókẹ́ẹ̀tì igun méjìlá ló bá a mu. Kì í ṣe èyí tó ti gbó tí ẹnu ẹ̀ ti gbòòrò o. Kó o sì fi nǹkan tó mú ṣóńṣó ha ìdọ̀tí inú igun bóòtù náà jáde kí sókẹ́ẹ̀tì lè jókòó dé ìsàlẹ̀, torí ẹlòmíì á fi sókẹ́ẹ̀tì kọ́ sí ìdajì orí, á wá fi gbogbo agbára fà, ó sì máa yọ̀ dandan. Ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀n tó kúrú jù lọ ni kó o lò. Tó bá gùn ó máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ kó o mú lọ́kùn-únkúndùn jù, ìyẹn òòlù. Wá irin tó rí róbótó tí ẹnu ẹ̀ pẹlẹbẹ, gbé e sí àárín gbùngbùn orí bóòtù, fi òòlù tó ní ìwọ̀n lù ú gbà gbà gbà, bí ẹ̀ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún, ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìkọ̀ọ̀kan wọn. Ohun tí gọ́ọ̀mù yẹn ò fẹ́ràn nìyẹn, ó máa ń sán nínú. Má ṣe lù ú bí ẹni ń fọ́ òkúta Olúmọ o, ìdí kiráńkì lò ń lù, bíárìn wà lẹ́yìn ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kó o tó tú u, kọ́kọ́ gbìyànjú láti fún un díẹ̀ sí i. Tó o bá ti gbọ́ kú, ó ti já nìyẹn, wá yí i padà sẹ́yìn.

Onípíkọ́ọ̀pù Ìtòkú
Ọ̀gá, ẹ ṣeun gan-an. Sókẹ́ẹ̀tì tí mò ń lò ti gbó lóòótọ́, àbúrò mi ló ń sọ ọ́ látàná mi ò gbọ́ ọ. Màá wá òmíì. Fláìwíìlì tó ń yí ńkọ́? Báwo ni mo ṣe lè dì í mú?

Mẹkáníìkì Pansẹ́kẹ́
Sukudiráfà tó o fi há eyín yẹn, yọ ọ́ kúrò. Tó bá fọ́ ẹyọ eyín kan, kíkì sítátà á máa pariwo nígbàkígbà tó bá bá ibẹ̀ pàdé. Wá irin pẹlẹbẹ tó nípọn, tó tó bí ìbú ìka méjì, bẹ wẹ́dà kó lu ihò méjì sí i. Ihò kan á bá ihò tí bóòtù gíábọ́ọ̀sì ń wọ̀ lára ẹ́ńjìnnì mu, èkejì á bá ihò tí bóòtù pressure plate ń wọ̀ lára fláìwíìlì mu. Kó o wá fi bóòtù de méjèèjì le. Fláìwíìlì ò tún ní mì mọ́, gbogbo agbára tó o bá lò á lọ sára bóòtù. Mo máa ń sọ fún ara mi pé tí mo bá sọnù nínú igbó pẹ̀lú ọkọ̀, irin yìí ni mo fẹ́ ní lọ́wọ́. Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n nìyí tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí, tèmi ṣì wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi.

Ọmọ Àsẹ̀rò
Ọ̀gá, ẹ má bínú tẹ́ ẹ bá rí i pé mo tún sọ̀rọ̀. Ṣé kò rọrùn kí àbúrò ẹ̀ lọ síwájú ọkọ̀, kó fi sókẹ́ẹ̀tì di bóòtù pọ́ọ̀lì kiráńkì (èyí tí bẹ́líìtì ń wọ̀) mú, kí ẹ̀gbọ́n máa tú lẹ́yìn?

Ẹ̀gbá ní Jámánì
Àbúrò, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Èmi náà mẹkáníìkì ni mí níbí, Ìjẹ̀mọ̀ ni ilé bàbá mi. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń ṣe ohun tó o sọ yẹn, ṣùgbọ́n rò ó wò. Ẹni tó wà lẹ́yìn ń yí bóòtù fláìwíìlì sápá òsì láti tú u. Tó o bá lọ dúró síwájú ẹ́ńjìnnì, ojú ibẹ̀ yẹn kiráńkì fẹ́ yí sápá ọ̀tún. Kí ẹni tó wà níwájú tó lè dá a dúró, sápá òsì ló máa fi agbára sí, apá yẹn gan-an sì ni bóòtù pọ́ọ̀lì fi ń tú. Bóòtù iwájú lè wá tú kí ti ẹ̀yìn má tú. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ fún tuntun padà, ìgbà yẹn ló dáa, torí apá fífún ló máa ń fà á sí. Fún títú, irin pẹlẹbẹ tí Ọ̀gá sọ ni.

Tí òòlù ò bá ṣe é, iná ni. Gọ́ọ̀mù pupa tó le jù yẹn, bí 250 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló máa ń tó kó tó rọ̀. Tó o bá kán omi sí orí bóòtù tó sì hó, kò tíì tó, 100 péré nìyẹn. Tọ́ọ̀ṣì gáàsì kékeré ni kó o lò, orí bóòtù nìkan ni kó o darí ẹ̀ sí, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó o sì tú u nígbà tó ṣì gbóná. Má jẹ́ kí irin pọ́n o. Nígbà tó bá ń tú, wàá rí i pé ó ń fà bí ìrẹ̀kẹ̀ gbígbóná, má sáré, máa yí i díẹ̀díẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́, WD-40 tẹ́ ẹ ti fọ́n sí i ń gbaná. Ẹ fi àkísà nu ún, ẹ jẹ́ kó gbẹ tán kẹ́ ẹ tó mú iná débẹ̀. Ẹ má sì fọ́n bíréékì kílínà sí i kẹ́ ẹ tó fi iná sí i, òmíràn nínú wọn tó bá gbóná èéfín ẹ̀ jẹ́ májèlé. Ẹ wo ibi tí páìpù epo gbà kọjá, ẹ bo o tàbí kẹ́ ẹ yọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bọ́kẹ́ẹ̀tì yanrìn kan nítòsí. Rọ́bà síìlì tó wà lẹ́yìn fláìwíìlì lè bàjẹ́ nípa iná yìí, ṣùgbọ́n ọ́ìlì tó ń jò tẹ́ ẹ sọ yẹn, ó jọ pé síìlì yẹn ló ti lọ, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀ náà ni.

Onígólfù Òbantókò
Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ sọ̀rọ̀ fún àwọn tó máa ka ibí yìí tí ọkọ̀ wọn kì í ṣe Toyota. Golf 3 onígíá 020, ìdàkejì ni o! Pressure plate ni wọ́n fi bóòtù mẹ́fà dè mọ́ kiráńkì, lẹ́yìn náà ni fláìwíìlì wá ń dé lórí ẹ̀ pẹ̀lú bóòtù kéékèèké mẹ́sàn-án. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tú u mo rò pé ẹnì kan ti to nǹkan lódì fún mi. Bóòtù tó mọ́ kiráńkì yẹn, 60 Nm (ìwọ̀n agbára tí wọ́n fi ń fún bóòtù) ni kẹ́ ẹ fi fún un, kẹ́ ẹ wá tún yí i sí i ní ìdá mẹ́rin àyíká kan, torí náà ó máa ń fà gùn, ẹ má tún èyí tó ti jáde lò, tuntun ni kẹ́ ẹ rà. Mo tún ti àtijọ́ lò lẹ́ẹ̀kan, ó já sínú nígbà tí mò ń fún un, ojú mi rí màbo.

Ìyá Páàtì Kútọ̀
Ọmọ mi onípíkọ́ọ̀pù, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mò ń ta páàtì, mi ò kì í tú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń bá àwọn oníbàárà mi sọ. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ wá ra bóòtù fláìwíìlì, ẹ mú èyí tẹ́ ẹ tú dání. Ẹ má wá sọ fún wa pé "ti Hilux" nìkan. Gígùn wọn lè fi díẹ̀ yàtọ̀, eyín wọn lè fi díẹ̀ yàtọ̀, èyí tó bá gùn jù á lọ kan inú, èyí tó bá kúrú ò ní gbá mú tó. Àwa á fi tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ tàtijọ́, àá wo eyín sí eyín. Kẹ́ ẹ sì ra síìlì ẹ̀yìn kiráńkì pọ̀ mọ́ ọn nísinsìnyí tí ọkọ̀ wà nílẹ̀, owó ẹ̀ ò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó iṣẹ́ kéèyàn tún sọ gíá kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Àti bíárìn kékeré tó wà láàárín ìdí kiráńkì, èyí tí ọ̀pá gíá ń wọ̀, ọ̀pọ̀ wọn máa ń gbàgbé ẹ̀, tó bá wá yá wọ́n á ní kílọ́ọ̀ṣì tuntun ń ké.

Onípíkọ́ọ̀pù Ìtòkú
Ẹ ṣé mà, Màmá. Màá mú un dání.

Ìròyìn ọ̀sán yìí: mo rí irin pẹlẹbẹ, wẹ́dà àdúgbò lu ihò méjì sí i, ó dì í pinpin. Mo ra sókẹ́ẹ̀tì tuntun. Mo lu orí àwọn bóòtù bí Ọ̀gá ṣe wí. Kí n má parọ́, méjì nínú mẹ́ta tó le yẹn gbọ́ kú, wọ́n jáde, ọwọ́ mi gbọ̀n nígbà tí àkọ́kọ́ já torí mo rò pé mo ti ṣẹ́ ẹ. Ẹ̀kẹta fẹ́ iná, a fi gáàsì sí i bí ìṣẹ́jú mẹ́rin, ó fà bí ìrẹ̀kẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n Jámánì sọ, funfun kan bí ìyẹ̀fun gbígbẹ wà lára eyín ẹ̀. Ó wá ku ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tórí ẹ̀ ti yọ̀. Ó ti di róbótó báyìí, sókẹ́ẹ̀tì tuntun náà ò gbá a mú.

Mẹkáníìkì Pansẹ́kẹ́
O ṣeun tó o fi í kẹ́yìn. Kó o tó ṣe nǹkan kan, dá méjì padà sínú nínú àwọn tó o ti tú, lọ́nà òdìkejì sí èyí tó bàjẹ́, fi ọwọ́ lásán yí wọn wọlé. Fláìwíìlì yẹn lè tó kílò mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí bóòtù ìkẹyìn bá já lójijì orí àyà ẹni tó wà lábẹ́ ọkọ̀ ló ń bọ̀. Mo mọ ẹni tó fọ́ ìka ẹsẹ̀ lọ́nà yìí. Ṣé orí sítáńdì ni ọkọ̀ wà àbí jáàkì nìkan?

Onípíkọ́ọ̀pù Ìtòkú
Sítáńdì méjì, mo tún fi táyà sábẹ́ ẹ̀.

Mẹkáníìkì Pansẹ́kẹ́
Ó dáa. Gbìyànjú sókẹ́ẹ̀tì tó fi díẹ̀ kéré sí i, fi òòlù gbá a wọ orí bóòtù náà tipátipá, kó o wá fi pawà bá rọra yí i. Wo àwọn sókẹ́ẹ̀tì oníǹṣì náà, ìwọ̀n wọn máa ń bọ́ sáàárín ti mílímítà. Kò gbọ́dọ̀ jẹ́ sókẹ́ẹ̀tì tó o fẹ́ràn, torí ó lè má jáde mọ́ lórí bóòtù.

Bàbá Wẹ́dà Adátán
Tó bá kọ ìyẹn, èmi ló kù. Gbé nọ́ọ̀tù tó tóbi tó orí bóòtù náà lé e, wẹ́dà á da irin kún inú nọ́ọ̀tù yẹn títí á fi lẹ̀ mọ́ orí bóòtù. Ohun méjì ló máa ṣe fún ọ lẹ́ẹ̀kan náà, ó fún ọ ní orí tuntun, iná ẹ̀ sì wọ inú bóòtù lọ bá gọ́ọ̀mù. Jẹ́ kó tutù díẹ̀ kó pọ́n-ọn ẹ̀ lọ, kó o wá fi sípánà yí i. Gbà á gbọ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lè má lẹ̀, a máa ń ṣe é lẹ́ẹ̀mejì ẹ̀ẹ̀mẹta kó tó dì í mú.

Àmọ́ ẹ kíyè sí èyí o, tú orí bàtìrì kúrò. Wáyà ilẹ̀ wẹ́dà, ara fláìwíìlì gan-an ni kẹ́ ẹ fi gbá mọ́, nítòsí bóòtù náà. Tẹ́ ẹ bá fi gbá ara ẹ́ńjìnnì tàbí ṣáásì, iná yẹn á gba inú bíárìn kiráńkì kọjá, á jẹ ojú ẹ̀ ní wẹ́wẹ́. Mo ti rí ọ̀dọ́ wẹ́dà tó ṣe bẹ́ẹ̀, kò mọ̀. Ẹ fi àkísà tútù bo ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kí iná má baà ta sí síìlì àti ọ́ìlì.

Ẹ̀gbá ní Jámánì
Mo fara mọ́ Bàbá. Tí kò bá sí wẹ́dà, dírìlì náà wà: ẹ sàmì sí àárín orí bóòtù náà, ẹ lu ú láti kékeré sókè títí orí ẹ̀ á fi bọ́ kúrò, orí nìkan, ẹ má wọnú lọ jù. Tí orí bá ti bọ́, fláìwíìlì á jáde, ìyókù bóòtù tó ṣẹ́kù síta ò ní nǹkan tó ń fà á mọ́, fáìsì gíríìpù lè yí i jáde wẹ́rẹ́. Èyí tí mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ lò ni irin ẹ̀ẹ́síàótù tín-ín-rín yẹn, èyí tí wọ́n ń kì bọ ihò tí wọ́n lu sínú bóòtù láti fi yí i jáde. Tó bá ṣẹ́ sínú bóòtù, irin tó le ju dírìlì lọ ló wà nínú kiráńkì yín yẹn, ọ̀ràn di ti onímáṣíìnì.

Onípíkọ́ọ̀pù Ìtòkú
Ó JÁDE O! Nọ́ọ̀tù àkọ́kọ́ já bọ́, èkejì lẹ̀. Wẹ́dà náà gbá wáyà ilẹ̀ mọ́ fláìwíìlì bí Bàbá ṣe sọ, èmi ni mo sọ fún un, ó ní òun ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Nígbà tí mo yí sípánà ìdajì àyíká tí kò sí ìdènà mọ́, àbúrò mi pariwo títí aládùúgbò fi yọjú. A ti sọ fláìwíìlì kalẹ̀, a kọ́kọ́ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ojú ibi tó jókòó sí lára kiráńkì. Síìlì yẹn gbẹ bí awọ ìlù, ọ́ìlì ti gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ jáde tipẹ́. Kí ló kàn?

Mẹkáníìkì Pansẹ́kẹ́
A kú oríire! Gbé fláìwíìlì lọ fún ẹni tó ní ẹ̀rọ léètì kó bá ọ ha ojú ẹ̀ kó jọ̀lọ̀, díẹ̀ ni o, kó má ha á tín-ín-rín. Eruku tó wà nínú ilé gíábọ́ọ̀sì, má fi kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ fọ́n ọn, dísìkì àtijọ́ òmíràn ní asbestos nínú, kì í ṣe nǹkan téèyàn ń fà símú. Àkísà tútù ni kó o fi nu ún.

Síìlì tuntun wọlé, fi ọ́ìlì díẹ̀ pa ẹnu ẹ̀. Inú ihò bóòtù nínú kiráńkì, fọ gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò pátápátá, fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà tín-ín-rín wọ ọ́, tí gọ́ọ̀mù àtijọ́ bá wà níbẹ̀ tọ́ọ̀kù rẹ́ńṣì (sípánà tó ń wọn agbára tó o fi ń fún bóòtù) á máa purọ́ fún ọ. Bóòtù tuntun, gọ́ọ̀mù díẹ̀ sí eyín òpin wọn. Fún 22R, 80 ft-lb ni, ìyẹn bí 108 Nm. Má fún un lẹ́ẹ̀kan o. Fi 30 yí gbogbo wọn ká ní òdìkejì òdìkejì, kó o wá fi 60, kó o wá fi 80 parí ẹ̀. Irin pẹlẹbẹ yẹn náà lo máa fi dá a dúró, kó o kàn gbé e sódì kejì. Bóòtù pressure plate ò ju 14 ft-lb lọ, ọ̀pọ̀ ló ń fún ìyẹn jù tí wọ́n á fi ṣẹ́ ẹ. Nu ojú fláìwíìlì àti pressure plate kó o tó dé e, má sì jẹ́ kí ọwọ́ tó ní gíríìsì kan dísìkì.

Ọmọ Àsẹ̀rò
Ẹ̀gbọ́n, tí ẹ ò bá ní tọ́ọ̀kù rẹ́ńṣì, mo ní ọ̀kan tí mi ò lò, màá mú un wá lọ́la lẹ́yìn iṣẹ́. Mo tún fẹ́ wá wo irin pẹlẹbẹ yẹn, mo fẹ́ ṣe tèmi.

Onípíkọ́ọ̀pù Ìtòkú
Ẹ bá mi dúpẹ́. Àna ni a parí ẹ̀. Àbúrò Àsẹ̀rò gbé tọ́ọ̀kù rẹ́ńṣì wá, òun gan-an ló fún bóòtù mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, mo dúró tì í mo ń ka nọ́ńbà fún un. Ọ́ìlì ò jò mọ́. Mo gun òkè wá sílé láàárọ̀ yìí pẹ̀lú àpò gààrí mẹ́fà, gíá kejì, ẹ́ńjìnnì ò hó, kò sí òórùn kankan. Lọ́la mo fẹ́ kó méjìlá.

Mẹkáníìkì Pansẹ́kẹ́
Mẹ́fà náà ni kó o máa kó ná. Dísìkì tuntun ní láti fara mọ́ ojú fláìwíìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ha, jẹ́ kó rìn tó bíi 500 kìlómítà kó o tó kó ẹrù kún un. Tó o bá sì dúró lórí òkè torí gòsíló, fa háńdì bíréékì, má máa fi kílọ́ọ̀ṣì gbé ọkọ̀ dúró. Mo rò pé ohun tó jó àkọ́kọ́ yẹn nìyẹn.

Onípíkọ́ọ̀pù Ìtòkú
Òótọ́ ni, Ọ̀gá. Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Háńdì bíréékì ọkọ̀ yìí ò tiẹ̀ mú dáadáa, ẹ jẹ́ kí n wọ abẹ́ ẹ̀ padà lọ tún un ṣe kí n tó lọ sóko.